Ẹnu Ni Ó Ń Ṣáájú Ọwọ́: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Ń Gba Ìfọwọ́sí Ní Ìta Gbangba

Ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń gbà sọ ọ́ ní èdè wa bí ènìyàn bá kọ orúkọ rẹ̀ tàbí tẹ ìka rẹ̀ sí ìwé láti fi hàn pé òun gba ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A ní ó fọwọ́ sí i. A ní ó buwọ́ lù ú. A sì tún ní ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, ọwọ́ ni a óò bá nínú gbogbo wọn. Kò sí èyí tí ó dárúkọ ẹnu. Òwe wa náà gbé ọwọ́ lárugẹ: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ṣùgbọ́n kí ni ó kó àwọn ọwọ́ náà jọ? Ẹnu ni.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, ìyẹn ìwé tí ọ̀pọ̀ aráàlú ń fọwọ́ sí láti bẹ ìjọba pé kí ó ṣe ohun kan, tàbí kí ó dẹ́kun ohun kan, tàbí láti mú ọ̀rọ̀ kan wá sí ìdìbò, tàbí láti pe aṣojú tí kò ṣojú dáadáa padà sílé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnìkan ní láti gbé e lọ sí ibi tí èrò wà, kí ó kí ẹni tí ń kọjá lọ, kí ó ṣàlàyé, kí ẹni náà bi í ní ìbéèrè, kí ó fèsì, kí wọ́n jiyàn díẹ̀, kí ẹni náà tó gba gègé tàbí kí ó kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní agbéwèékiri. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó di iṣẹ́ ọwọ́. Òfin tí ó bá dá ọwọ́ sílẹ̀ tí ó sì di ẹnu, ẹ̀tọ́ orí ahọ́n lásán ni ó fún aráàlú.

Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí ó ju 20 lọ níbẹ̀, aráàlú lè kọ àbá òfin fúnra wọn, kí wọ́n gba ìfọwọ́sí tí ó tó iye tí òfin là sílẹ̀, kí a sì gbé àbá náà síwájú gbogbo olùdìbò láìdúró de àwọn aṣòfin. Ìpínlẹ̀ Colorado wà lára wọn. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1984 ń bọ̀, àwọn kan níbẹ̀ fẹ́ kí a yọ àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kúrò lábẹ́ àkóso àjọ ìpínlẹ̀ kan. Ìfọwọ́sí 46,737 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó jọ láàrin oṣù 6. Wọ́n rí i pé àwọn olùfifúnni nìkan kò lè ṣe é, pé àwọn yóò ní láti sanwó fún àwọn agbéwèékiri. Òfin ìpínlẹ̀ náà sì sọ pé ọ̀ràn ńlá ni kí ènìyàn sanwó fún ẹni tí ń gba ìfọwọ́sí.

Ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí Meyer àti Grant, dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1988. Gbogbo àwọn adájọ́ fẹnu kò, wọ́n sì wọ́gi lé òfin Colorado. Àlàyé wọn yé mi bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní kí ènìyàn gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ káàkiri jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lórí ètò ìlú, irú ọ̀rọ̀ tí òfin ìpìlẹ̀ wọn dáàbò bò jù lọ. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni òfin náà gbà dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Èkíní, ó dín iye ẹnu tí yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kù, tí iye etí tí yóò gbọ́ ọ náà sì dín kù. Èkejì, ó mú kí ó ṣòro láti rí iye ìfọwọ́sí tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú gbogbo ìlú, ibi tí ìjíròrò gan-an yóò ti gbóná.

Ìjọba Colorado kò sinmi. Wọ́n ṣe òfin mìíràn: agbéwèékiri gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àyà, àwọn tí ó gbà á sí iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kéde orúkọ rẹ̀ àti iye tí wọ́n san fún un. Ní ọdún 1999, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọ́gi lé àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Ti orúkọ àyà ni ó yẹ kí a ronú sí jù. Ọ̀rọ̀ tí ń ya ará ilé méjì nípá ni ìwé ẹ̀bẹ̀ sábà máa ń gbé dání. Bí a bá fipá mú agbéwèékiri láti gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ àyà ní àkókò tí inú ń bí ènìyàn sí i, ẹni tí kò bá ní àyà líle yóò jókòó sílé. Ìbúra tí ó ń kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ti tó fún ìjọba láti wá a rí bí ó bá hu ìwà èrú.

Ọ̀rọ̀ ibi tí agbéwèékiri yóò dúró sí ni ó kàn. Ní ọdún 1895, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Massachusetts dá ẹjọ́ oníwàásù kan tí ó wàásù láìgbàṣẹ ní Boston Common, ọgbà ìta gbangba ìlú Boston. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes sọ nígbà náà pé bí ìjọba bá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ìlú, kò yàtọ̀ sí onílé tí ó ní kí a má sọ̀rọ̀ nínú ilé òun. Ní ọdún 1897, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fara mọ́ ìdájọ́ náà. Nínú èrò yìí, ìjọba ni onílé, aráàlú sì ni àlejò tí a gbà láàyè.

Ó tó ọdún 42 kí èrò náà tó yí padà. Ní Jersey City, lábẹ́ Frank Hague tí ó jẹ́ olórí ìlú náà, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣèpàdé ní ìta gbangba láìgba ìwé àṣẹ, ẹni tí ó ń fún ni ní ìwé àṣẹ sì lè kọ̀ bí ó bá ti wù ú. Ní ọdún 1939, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre. Adájọ́ Owen Roberts ṣàlàyé pé ẹni yòówù kí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ojú títì àti ọgbà ìta gbangba ti wà fún ìlò aráàlú, láti pàdé, láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti láti jíròrò ọ̀ràn ìlú. Ìjọba ń tọ́jú wọn fún aráàlú ni. Kì í ṣe òun ni ó ni wọ́n.

Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí kò ní yà á lẹ́nu. Ọjà ọba ni a ń pe ọjà tí ó wà níwájú ààfin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbà pé ọba lè tà á bí ẹni ta ewúrẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a fi sí ìkáwọ́ olórí nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, a sì ti gbé e dé ilé-ẹjọ́ rí. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba amúnisìn lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá, ó bá ẹjọ́ náà dé London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ, pé ipò alágbàtọ́jú ni olóyè wà lórí rẹ̀. Ọ̀ràn ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀rọ̀ sísọ, mo mọ̀. Síbẹ̀, gbòǹgbò kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì: ẹni tí a fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀ kò lè lo agbára onínǹkan láti lé onínǹkan jáde.

Ẹ wá wo bí ìjà náà ti rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ibi tí kò sí ẹni tí kì í yà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1990, nínú ẹjọ́ kan tí ó wá láti Bowie ní ìpínlẹ̀ Maryland, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà kí ilé ìfìwéránṣẹ́ lé àwọn tí ń tọrọ owó fún òṣèlú kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Mẹ́rin nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án yapa. Ní ọdún 1998, àwọn aláṣẹ ìfìwéránṣẹ́ lọ síwájú sí i, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gba ìfọwọ́sí mọ́ lórí ilẹ̀ àwọn rárá. Àwọn agbéwèékiri gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Ní ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington sọ pé òfin náà gbòòrò jù, nítorí ó dé ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà létí títì, tí kò yàtọ̀ sí ti gbogbo ìlú. Àwọn aláṣẹ yọ ojú ọ̀nà etí títì kúrò nínú òfin náà ní ọdún 2010. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ kan náà wá fọwọ́ sí ìyókù: ní ojú ọ̀nà tí ó wà nínú ọgbà ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n lè lé agbéwèékiri.

Níhìn-ín ni èmi àti àwọn adájọ́ náà ti pínyà. Àwọn tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn lè sọ pé ọ̀nà kan kò wọjà. Bí ibí kò bá ṣeé dúró sí, kí agbéwèékiri gba ibòmíràn. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa á gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà kejì hàn wá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ wá. Wọn yóò gbọ́kọ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà, wọn yóò rìn ìṣísẹ̀ díẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọn yóò sì tún padà sínú ọkọ̀. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn létí títì. Bí a bá ní kí agbéwèékiri lọ dúró síbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá, a ti fún un ní ilẹ̀, a sì ti gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí èrò ń gbà ni ó yẹ kí a máa wò, kì í ṣe ìtòsí títì nìkan.

Ìpínlẹ̀ California rí èyí ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíríámà kan gbé tábìlì kékeré sí inú PruneYard, ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú Campbell, wọ́n ń gba ìfọwọ́sí lòdì sí ìpinnu kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà ní kí wọ́n jáde. Ilẹ̀ oníǹkan ni ibẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga California sọ ní ọdún 1979 pé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà gbà wọ́n láàyè, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1980 pé ìpínlẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò sọ pé kí gbogbo ilẹ̀ oníǹkan di ojúde ìlú. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá lè gba àwọn ọ̀dọ́ láàyè nínú ilé ìtajà, kò yẹ kí a lé wọn lórí ilẹ̀ tí owó orí àwọn òbí wọn rà.

Ẹ̀tọ́ kò sí láìsí ààlà. Agbéwèékiri kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹni tí ó ti sọ pé òun kò ṣe. Kò gbọ́dọ̀ purọ́ nípa ohun tí ó wà nínú ìwé. Ìjọba lè sọ ìwọ̀n àkókò, ibi àti ọ̀nà, bí ó bá jẹ́ pé òfin kan náà ni ó de ẹni tí ń yin ìjọba àti ẹni tí ń bú u. Ẹni tí a tọ̀ lọ náà sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: kí ó gbọ́, kí ó kọ̀, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ láìsí èébú lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni ó kan àwa tí a wà ní Nàìjíríà? Ó kàn wá púpọ̀. Ìpín 69 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé a lè pe aṣòfin àpapọ̀ padà sílé bí ó bá ju ìdajì àwọn olùdìbò tí ó forúkọ sílẹ̀ ní àgbègbè rẹ̀ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé àwọn kò fọkàn tán an mọ́. Lẹ́yìn èyí ni àjọ INEC yóò ṣètò ìdìbò láàrin ọjọ́ 90. Ìpín 110 sọ irú rẹ̀ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Láti ọdún 1999 títí di 2025, kò sí aṣòfin kan tí a fi ọ̀nà yìí yọ.

Ẹ wo Kogi. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lòdì sí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ti Ìwọ̀-Oòrùn Kogi, níbi tí àwọn Okun tí í ṣe Yorùbá wà, orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ju 180,000 lọ. Nígbà tí INEC lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2018, ẹni 18,742 péré ni wọ́n fìdí ìfọwọ́sí wọn múlẹ̀, ìyẹn 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò àgbègbè náà. Ní ọdún 2025, wọ́n gbé òmíràn lòdì sí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ti Àárín Gbùngbùn Kogi. Ìfọwọ́sí 208,132 ni INEC kà nínú olùdìbò 474,554. Ó jẹ́ 43.86 nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó ìdajì, ó sì parí síbẹ̀.

N kò bá ẹnikẹ́ni gbè nínú ọ̀ràn méjèèjì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iye tí a ń béèrè ga púpọ̀, òfin ìpìlẹ̀ kò sì sọ gbólóhùn kan nípa bí agbéwèékiri yóò ti rí iye náà. Níbo ni yóò dúró sí? Ta ni yóò dáàbò bò ó? Nígbà tí kò sí ìdáhùn, ìyàrá àti ilé alágbára ni ìwé ń gbé. Ìfọwọ́sí tí a gbà ní kọ̀rọ̀ sì máa ń mú ìfura dání, bóyá ó jẹ́ òtítọ́ tàbí kì í ṣe òtítọ́. Àwọn baba wa ní gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tí a gbé sórí tábìlì lójú ọjà, tí ìyá aláta rí i, tí awakọ̀ rí i, tí ọlọ́pàá rí i, ó ní ẹlẹ́rìí púpọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni ìta gbangba ń dáàbò bò. Ó ń dáàbò bo òtítọ́ inú ìwé náà pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìtàn wa ti fi hàn bí ìyẹn ti ń rí. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ń bá owó orí obìnrin jà ní ọdún 1947, wọ́n kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de. Àwọn obìnrin náà ní kò burú, pikiníìkì ni àwọn fẹ́ ṣe. Pikiníìkì wọn sì kún ojúde ààfin Aláké. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀. A máa ń fi ọgbọ́n àwọn ìyá wa yìí rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí àgbà obìnrin ní láti pe ẹ̀hónú rẹ̀ ní àríyá kí a tó gbà á láàyè láti dúró níta, ìlú tí ẹnu wà nínú ìdè ni. Ní ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pé aráàlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí wọ́n tó péjọ láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ìpín 39 àti 40 òfin ìpìlẹ̀ ni wọ́n dúró lé. Bí ogunlọ́gọ̀ kò bá nílò ìwé àṣẹ, báwo ni ẹnìkan ṣoṣo tí ó gbé tábìlì àti gègé dání yóò ti nílò rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan iṣẹ́ mi, ìyẹn èdè tí a fi kọ ìwé náà. Ní Santa Ana ní California, àwọn kan gbé ìwé káàkiri láti yọ ọmọ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùdìbò níbẹ̀ ń sọ èdè Spéènì. Ní ọdún 2006, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní òfin kò fi dandan mú wọn láti túmọ̀ rẹ̀, nítorí aráàlú ni ó kọ ọ́, kì í ṣe ìjọba. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ní tiwa, ìyá tí ó tẹ ìka sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè kà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní Yorùbá, kí á sì kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Àwa ni a ń fi ẹ̀tọ́ náà ṣòfò.

Àbá mi kò pọ̀. Kí INEC kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè gba ìfọwọ́sí ní ọjà, ní gáréèjì, ní iwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ní gbogbo ibi tí aráàlú ń gbà lọ gbà bọ̀, láìsanwó àti láìgba ìwé àṣẹ. Kí ọlọ́pàá tí a bá rán lọ síbẹ̀ mọ̀ pé ààbò ni ó wá ṣe. Kí ìwé náà wà ní èdè àwọn tí yóò fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ ni à ń bẹ òṣìkà kí ó tú ìlú ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni ó kù lọ́wọ́ aráàlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè bẹ̀ ẹ́ níbi tí ará ìlú yòókù yóò ti gbọ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ létí lè fi ọwọ́ tirẹ̀ kún un.